Ohun Tí Ẹnu Kọ̀, Ara Á Sọ Ọ́

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá sí ilé mi ní Ọ̀yọ́ láti béèrè irú iṣẹ́ tí mo fi ayé mi ṣe, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gba èyí tí mo kọ yìí dípò ọ̀rọ̀ ẹnu. Ọ̀rọ̀ ẹnu ń tètè rẹ̀ mí báyìí. Láti ìgbà tí a ti sin ìyàwó mi, Morádékẹ́, ní ìparí ọdún tó kọjá, oúnjẹ tó bá ti le díẹ̀ kì í kọjá lọ́nà ọ̀fun mi mọ́. Ògì àti omi ọbẹ̀ ni mo fi ń gbé ẹ̀mí ró. Ẹ̀wù mi ń tóbi sí mi lọ́rùn sí i. Tinúkẹ́, ọmọbìnrin mi tó ń tọ́jú mi, kò sọ ohun tó ń bà á lẹ́rù, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n: kò fẹ́ sin òbí méjì tẹ̀ léra wọn. Àwọn dókítà tan iná wo ọ̀fun mi, wọ́n ya fọ́tò àyà mi, wọ́n ní àwọn kò rí nǹkan kan.

Irú àìsàn yìí gan-an ni mo fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ mi tọ́jú lára ẹlòmíràn. Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. N óò dé orí ọ̀fun mi tó bá yá.

“Dókítà tí kì í fúnni lóògùn” ni wọ́n ń pè mí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wa ni àwọn tí ara ń ni ní tòótọ́, tí àyẹ̀wò kò sì rí ohun tó fà á: ẹsẹ̀ tí kò gbé ara mọ́, ojú tó ṣàdédé ṣókùnkùn, ohùn tó lọ tí kò padà, orí tó ń gbóná bí ààrò, nǹkan tó ń rìn káàkiri agbárí bí èèrà. Ọ̀rọ̀ la fi ń tọ́jú wọn. A ó jókòó, a ó béèrè, a ó tẹ́tí, títí ohun tó wà nísàlẹ̀ ikùn yóò fi rí ọ̀nà gba ẹnu jáde, kó lè fi ara sílẹ̀. Mo kàwé rẹ̀ ní yunifásítì, ilé ìwòsàn kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ gbà mí síṣẹ́, owó oṣù náà kì í ṣe èyí tí èèyàn fi ń yangàn. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn síbẹ̀.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Dókítà Ìbídùn. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, kì í pariwo, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń ba gbogbo wa. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, mo de táì, mo kó ìwé ńláńlá dání. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

“Kí ni orúkọ rẹ?”

“Akínwándé, mà.”

“Akínwándé, ṣé o lè dákẹ́?”

“Mo lè dákẹ́, mà.”

“A óò rí i. Jókòó síbẹ̀ yẹn. Tí o bá la ẹnu kí n tó ní kí o là á, ìta lo máa bá ara rẹ.”

Gbogbo àsìkò òjò ọdún náà ni mo fi jókòó sí igun yàrá náà bí àpótí. Bí aláìsàn kan bá ti jáde, ó di ìgbà tèmi.

“Kí ni obìnrin yẹn sọ?”

“Ó ní inú ń run òun, mà.”

“Mo gbọ́ ìyẹn, etí mi ò di. Níbo ni ọwọ́ rẹ̀ wà nígbà tó dárúkọ orogún rẹ̀?”

N kò mọ̀.

“O ò mọ̀. Ẹnu rẹ̀ lò ń wò bí ẹni ń wo tẹlifíṣàn. Lọ jẹun, kí o padà wá jókòó.”

Ó ní kí n kó ìwé mi gbé pamọ́, nítorí pé àwọn tó kọ ọ́ kò gbọ́ Yorùbá. Ó kọ́ mi pé bí ará Ògbómọ̀ṣọ́ bá ní àyà òun ń já, kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú kí ó ní àyà òun wúwo. Pé ẹni tó ní ara ń ta òun bí ata lè jẹ́ ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ, tí kò sì lè fọhùn. Ó kọ́ mi kí n máa béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú àìsàn, kí n sì má retí pé wọn yóò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Lékè gbogbo rẹ̀, ó ní a kò gbọdọ̀ sọ fún ẹni tí ara ń ni láé pé kò sí nǹkan tó ṣe é.

“Ara kì í purọ́,” ni ó máa ń wí. “Ẹnu ló ń purọ́.”

Ohun tó sọ òfin yẹn di ẹ̀jẹ̀ sí mi lára ni ọ̀rọ̀ Àṣàkẹ́. Ọmọge ni, ó ku díẹ̀ kí wọ́n gbé e relé ọkọ nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kọ̀ láti gbé e. Ẹ̀yìn ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin pọ̀n ọ́n sí wá. Ọkọ tí wọ́n yàn fún un ni kò fẹ́, kò sì sí ẹni tó lè sọ ọ́ fún nílé. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún Dókítà Ìbídùn díẹ̀díẹ̀. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń mira.

Ibẹ̀ la wà tí dókítà ọ̀dọ́ kan láti wọ́ọ̀dù mìíràn, tó rò pé òun ń fi bàbá Àṣàkẹ́ lọ́kàn balẹ̀, pàdé rẹ̀ lọ́nà tó sì wí fún un pé, “Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀, kò sí nǹkan kan tó ṣe ẹsẹ̀ ọmọ yín.”

Ẹ̀yin tí a bí nílẹ̀ yìí mọ bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ń dún létí. Tí dókítà bá ní òun ò rí nǹkan kan, yálà kí wọ́n sọ pé ayé ló ń ṣe é, tàbí kí wọ́n sọ pé ẹ̀tàn ló ń ṣe. Bàbá Àṣàkẹ́ mú ti ẹ̀tàn.

“Kò sí nǹkan kan? Àgálámàṣà ló ń ṣe fún wa látọjọ́ yìí nìyẹn!”

Ó gbé ọmọ rẹ̀ lọ. A bẹ̀ ẹ́ dé ẹnu géètì. Nígbà tí wọ́n délé, wọ́n tẹ́ ẹ sí ìkángun yàrá kan, wọ́n gbé omi àti oúnjẹ sí ìkángun kejì, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ní ebi yóò gbé e dìde.

Ebi kò gbé e dìde. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló wá sọ fún wa pé wọ́n ti sin ín. Dókítà Ìbídùn gbọ́ ọ lórí ìdúró. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó ti ilẹ̀kùn, a kò gbúròó rẹ̀ títí iṣẹ́ fi parí. Lọ́jọ́ kejì ó bẹ̀rẹ̀ sí í kiri láti wọ́ọ̀dù dé wọ́ọ̀dù, ó ń kọ́ àwọn dókítà bí wọn yóò ti máa sọ ọ́: “Òótọ́ ni àìsàn yìí. Ẹ̀rọ wa ni kò lè rí i. Àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ wà, ẹ jẹ́ ká mú yín lọ bá wọn.” Bó ṣe ń sọ ọ́ kiri nìyẹn títí tó fi fẹ̀yìn tì.

Nígbà tó lọ, àga rẹ̀ kàn mí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló jókòó síwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnì kan ni n óò sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín. Sàfúrátù ni orúkọ rẹ̀, ará Ìrẹ̀sà, gàrí ló ń yan. Apá ọ̀tún rẹ̀ ti kú, ó fi gèlè so ó mọ́ àyà. Nílé, wọ́n ti fi ògúnná kàn án wò, kò mọ̀ ọ́n lára. Bàbá ọkọ rẹ̀, Alfa Bùsárì, ló mú un wá, nítorí pé ọkọ rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ìlú òkèèrè.

“Ẹ bá wa wò ó, dókítà,” bàbá náà wí. “Kò lè yan gàrí, kò lè fọṣọ, kò lè pọn omi. Ẹnu ti ń kùn nílé. Wọ́n ní ká dá a padà sílé bàbá rẹ̀. Mo ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wá ìtọ́jú.”

Mo béèrè lọ́wọ́ obìnrin náà ohun tó ṣẹlẹ̀ kí apá tó kú. Ó wo ilẹ̀, ó ní kò sí. Alfa wúkọ́, ó wo fèrèsé. Ọ̀sẹ̀ gorí ọ̀sẹ̀ la fi wà bẹ́ẹ̀. Yóò wọ mọ́tò láti Ìrẹ̀sà dé Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́, yóò gun ọ̀kadà dé ọ̀dọ̀ wa, yóò jókòó, yóò ní kò sí. Ní ọjọ́ kan mo kàn bi í bóyá Ọjà Igbó ṣì ń kún bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó sọ ọ́.

Ó ní ọmọkùnrin kan, Wàsíù, tí kò tíì pẹ́ tí wọ́n já a lẹ́nu ọmú. Láàárọ̀ ọjọ́ tó ń kó gàrí lọ sí Ọjà Igbó, ọmọ náà rọ̀ mọ́ ọn.

“Ọwọ́ yìí ni mo fi tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára ìró mi,” ó ní. “Ìka kọ̀ọ̀kan ni mo ń tú. Mo ní, ‘Fi mí sílẹ̀ jàre, mọ́tò ń lọ.’”

Gìrì mú ọmọ náà lọ́sàn-án. Kí ìyá rẹ̀ tó ti ọjà dé, wọ́n ti sin ín. Òbí kì í mọ sàréè ọmọ rẹ̀ nílẹ̀ wa. Àwọn obìnrin ilé fún un lómi mu, wọ́n ní Ọlọ́run yóò fi òmíràn rọ́pò, wọ́n kó aṣọ ọmọ náà kúrò nílẹ̀, wọ́n ní kó má béèrè. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, apá rẹ̀ kò gbéra mọ́.

“Kí lẹ fẹ́ mọ̀?” mo bi í.

“Mo fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n bò ó dáadáa. Òtútù máa ń tètè mú un.”

Mo ránṣẹ́ pe Alfa Bùsárì. Kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ jìnnà.

“Dókítà, Yorùbá lẹ̀yin náà. Ṣé wọ́n fi sàréè ọmọ han ìyá rí nílé tiyín?”

“Wọn kì í fi hàn án, bàbá.”

“Kí wá lẹ ń bi mí sí?”

“Mi ò ní kí ẹ fi sàréè hàn án. Ẹni tó sin ín ni mò ń béèrè. Ṣé kò lè sọ bó ṣe sin ín?”

Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún.

“Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́,” ó ní. “Èmi ni.” N kò mọ̀ títí di ìgbà yẹn pé kò sí ẹni tó tíì bi òun náà léèrè.

Nígbà tí wọ́n tún wá, ó jókòó kọjú sí ìyàwó ọmọ rẹ̀. “Sàfúrá, mi ò ní mú ọ débẹ̀. Ṣùgbọ́n n óò sọ fún ọ. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni mo fi wẹ̀ ẹ́, torí ọyẹ́ ń fẹ́. Aṣọ funfun tí mo ti rà sílẹ̀ fún ara mi ni mo gé fún un. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni na ọmọ sí mi láti òkè, èmi fúnra mi gbé e sọ̀ kalẹ̀, bí ẹni gbé ọmọ tó ti sùn. Ọwọ́ rẹ̀ là sílẹ̀, Sàfúrá. Kò di nǹkan kan mú.”

Igbe tí obìnrin náà ké, nọ́ọ̀sì sáré wọlé. Mo fi ọwọ́ sọ fún un pé kó jáde. Alfa náà ń sunkún, kò sì fi ọwọ́ bojú.

Apá náà kò jí lọ́jọ́ yẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí. Ìka kékeré ló kọ́kọ́ mira, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ó ti ń fi ọwọ́ méjèèjì yan gàrí. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé àṣà ló dí wa lọ́nà. Inú àṣà náà la ti rí ọ̀nà.

Iṣẹ́ náà yí padà lójú mi. Nígbà ti Dókítà Ìbídùn, àga méjì àti ẹní kan ni gbogbo irinṣẹ́ wa. Lẹ́yìn náà la bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn sílẹ̀ sórí kásẹ́ẹ̀tì, ká lè padà gbọ́ ohun tí etí wa fò. Oògùn tuntun dé tí ń ran àwọn kan lọ́wọ́ gidigidi, n kò sì bá wọn jà. Lópin rẹ̀, orí fóònù la ti ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Ó dára fún ẹni tó jìnnà, ṣùgbọ́n ojú nìkan ló ń hàn lójú fóònù, ọwọ́ kì í hàn. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì á sì máa lọ níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ jáde.

Ẹ óò bi mí bóyá kí ẹ ṣe irú iṣẹ́ yìí. Bí ẹ bá lè rí ìrora kí ẹ má kánjú lé e lọ, ẹ ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ẹ óò máa gbé e relé. Ọ̀yọ́ ni Morádékẹ́ ti ń kọ́ni ní Yorùbá nílé ẹ̀kọ́ girama, Ògbómọ̀ṣọ́ nèmi wà. Ọjọ́ Ẹtì ni mo máa ń délé. Kì í bi mí léèrè ohunkóhun. Á gbé omi gbígbóná sí balùwẹ̀, á dúró kí n wẹ̀ tán, kó tó sọ̀rọ̀ ilé. Bí a ṣe gbé ayé wa nìyẹn.

Lọ́dún tí mo fẹ̀yìn tì ni wọ́n sọ fún mi pé kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́. Ó ti pẹ́ tóun ti mọ̀. Ó ń lọ sí ọsibítù, ó ń padà bọ̀, ó ń gbé omi gbígbóná sí balùwẹ̀ fún mi. Tinúkẹ́ mọ̀. Èmi nìkan ni kò mọ̀, ìgbà tí mo sì fi mọ̀, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló kù. Níbi ìsìnkú, ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń yìn ín bí èèyàn tí kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Mo ń mi orí. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni òkèlè àkọ́kọ́ há mi lọ́fun.

Lánàá, mo wọ mọ́tò lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Sùlàímọ́nù, tí mo kọ́ níṣẹ́, ló wà nípò tí mo fi sílẹ̀. Mo wọlé, mo sì lọ jókòó sórí àga mi àtijọ́.

“Sà,” ó ní, “ẹ má bínú, tèmi nìyẹn báyìí.”

A jọ rẹ́rìn-ín. Mo dìde, mo lọ sórí àga aláìsàn. Ó ní kí n sọ̀rọ̀ Màmá, ìyàwó mi, fún òun. Mo sọ ìwà rẹ̀, sùúrù rẹ̀, bí àwọn ọmọ ilé ìwé ṣe fẹ́ràn rẹ̀.

“Ẹ ti ń yìn wọ́n látìgbà tẹ́ ẹ ti dé, sà. Kí ni wọ́n ṣe tó dùn yín?”

“Sùlàímọ́nù, a kì í sọ̀rọ̀ òkú bẹ́ẹ̀.”

“Mi ò béèrè ohun tí a kì í ṣe.”

Inú bí mi. Mo dìde. “Ta ló kọ́ ọ ní ìsọkúsọ yìí?”

“Ẹ̀yin ni, sà.”

Mo padà jókòó. “Ó fi pamọ́ fún mi,” ni mo wí, ohùn náà kò sì jọ tèmi.

Sùlàímọ́nù dúró kí n nu ojú tán. Lẹ́yìn náà ló béèrè ẹni tó kù tó yẹ kó gbọ́ ọ.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Tinúkẹ́ gbé ògì mi wá, ó sì gbé ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Tinúkẹ́, jókòó.”

“Ṣé ògì yẹn ti tutù ni, Bàbá?”

“Inú ń bí mi sí ìyá rẹ.”

Ó dúró, ṣíbí wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Inú ń bí mi sí ìwọ náà. Ẹ̀yin méjèèjì mọ̀. Gbogbo ayé ló ń sọ tiwọn fún mi. Ẹ̀yin ò sọ fún mi.”

Ó jókòó wẹ́rẹ́. “Wọ́n fi mí búra, Bàbá. Mò ń gbé wọn lọ sí ọsibítù, mò ń padà wá se oúnjẹ fún yín, mò ń bá yín ṣeré. Inú ń bí èmi náà sí wọn. Títí di ìsinsìnyí.”

“Kí ló ní ó fà á?”

Kò fẹ́ sọ ọ́. Mo dúró dè é.

“Wọ́n ní, ‘Bàbá rẹ ń gbọ́ ìrora látàárọ̀ dalẹ́. Kó má tún wálé wá gbọ́ tèmi.’”

Lẹ́yìn náà ni mo sọ ohun tí n kò sọ fún Sùlàímọ́nù: pé ti Morádékẹ́ nìkan ni mo fẹ́ gbọ́, pé ǹ bá ti fi gbogbo àwọn yòókù sílẹ̀ láti gbọ́ tirẹ̀, pé ó gba ìyẹn lọ́wọ́ mi, kò sì bi mí.

Tinúkẹ́ kò dá mi lẹ́kun. Ó ń gbọ́.

Mo nawọ́ sí ẹ̀kọ tirẹ̀ tó ti tú láti inú ewé. Mo bù ú, mo tọ ọbẹ̀, mo fi sẹ́nu. Ó há níbi tó máa ń há. Mo dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀. Mo tún bu òmíràn.

Ọmọ mi ń wò mí. Ó dìde lójijì, ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde, mo sì gbọ́ tó bú sẹ́kún níbẹ̀, ẹkún tí kò sun níwájú mi láti ọjọ́ ìsìnkú. Gbólóhùn tí gbogbo wa ń sọ ti wà lẹ́nu mi: ó tó, má sunkún mọ́. N kò sọ ọ́. Mo gbé àwo ẹ̀kọ náà dání, mo jáde lọ bá a, mo jókòó tì í lórí àtẹ̀gùn, mo sì ń jẹun lọ díẹ̀díẹ̀ bó ti ń sunkún.